Ojú Pupa Lára Ògiri

Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Ọ̀fà,
ó tà á kọjá ibẹ̀.
Bí oṣù bá pé, á wá onígbèsè rẹ̀ lọ,
á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà:
òun ò ní jókòó, òun ò ní mumi,
lórí ìlóṣòó lòun ó ti gbowó òun.
Owó òṣómàáló ló kọ́ ilé tí mò ń gbé l'Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ yìí.

Òṣómàáló mìíràn ti wá lóṣòó sára ògiri mi báyìí,
ó fi ojú pupa kan ṣoṣo ń wò mí.
Tirẹ̀ le ju ti bàbá bàbá mi lọ: kì í tàwìn.
Ogún nọ́ńbà ni mo ń tẹ̀ sí i láyà kó tó kó ọjà fún mi,
ọjà tí n ò lè fọwọ́ kàn, tí n ò lè ká sínú àpótí.
Oṣù ò tíì dé ogúnjọ́,
ó ti ń han bí ọmọ ẹyẹ tébi ń pa.

Mo ní gílóòbù ni.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Fólúṣọ́, ọmọ ọmọ mi,
tó ń kàwé ìdánwò lóru ní yàrá ẹ̀yìn:
"Ìwọ lò ń jẹ mí lówó. Paná yẹn!"
Ọmọ paná. Ó gba fóònù ìyá rẹ̀, ó fi ń tanná kàwé.

Àfi bí Abíọ́nà oníwáyà ṣe dé lọ́jọ́ Sátidé,
súkúrúdáráfà létí bíi bírò akọ̀wé.
"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa gbogbo nǹkan."
Ilé dákẹ́. Ojú pupa ò ṣẹ́ mọ́.
Ó ní ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú ni yúníìtì kan,
kì í ṣe ìṣẹ́jú aago o, ìṣẹ́jú ojú yẹn.
Ó tan gílóòbù Fólúṣọ́ nìkan.
A dúró. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.
Ewúrẹ́ aládùúgbò kọjá, ó padà bọ̀,
kí ojú náà tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.
Ọgọ́rùn-ún wákàtí ni gílóòbù wáàtì mẹ́wàá
yóò fi jẹ yúníìtì kan tán.
Ó wá tan áyọ́ọ̀nù mi,
èyí tí mo fi ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́
bí ẹni pé kóòtù ṣì ń retí akọ̀wé
tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn.
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: ó ṣẹ́.
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin: ó tún ṣẹ́.
N ò lè wo ojú Fólúṣọ́.

Abíọ́nà ní, "Wáàtì ni bí ẹnu ṣe yá tó,
wákàtí ni bí ẹni náà ṣe pẹ́ tó nídìí àwo.
Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀,
ẹ ó mọ ohun tó lọ nínú ìkòkò.
Áyọ́ọ̀nù a máa jẹun wàwà, a sì dìde.
Èwo nínú ilé yìí ni kì í dìde?"

A tọ ìró náà lọ sí kọ́rídọ̀:
fírísà Àwẹ̀ró.
Ọdún mẹ́ta tó ti lọ, fírísà ò gbọ́.
Yìnyín ló ń fi í ṣe fáwọn ọmọ iléèwé nígbà ayé rẹ̀.
Abíọ́nà ṣí i.
Ike ata kan ló wà ní ìsàlẹ̀,
ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sórí ìdérí:
*Ti Bàbá. Kò ta.*
"Yúníìtì mẹ́ta lóòjọ́, ó lé díẹ̀,"
ni Abíọ́nà wí. Ó rọra dé e padà.

Mo yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Háà, ilé lè dákẹ́ báyìí!
Aago méjì òru, mo dìde láìwọ bàtà,
mo ki wáyà rẹ̀ padà sínú ògiri.
Ó gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Iná Fólúṣọ́ ń tàn tín-ín-rín lábẹ́ ilẹ̀kùn. N ò bá a wí.
Mo lọ bá òṣómàáló nídìí ògiri,
mo kà dé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ṣẹ́jú sí mi.
Mo ní, mo ti gbọ́. Mo mọ ohun tí mò ń san.

Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì rírún
lọ ra káàdì ní Ẹ̀rẹ̀jà.